Ẹsẹ̀ Bàtà Kan Níwájú Ilé Okuno

Ní ọ̀sẹ̀ tí Chizuru wọlé ọkọ ní àdúgbò wa ní Kyoto, ó ṣe àṣìṣe kan. Ó gbá iwájú ilé wọn láàárọ̀, ó sì gbá ti Màmá Okuno, opó tó múlé tì wọ́n, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rò pé oore lòun ń ṣe.

Màmá yọjú. "Ìyàwó, o mà kú agbára. Ta ló sọ fún ọ pé ọwọ́ mi ti rọ?"

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló tọ́ ọ sọ́nà. Ẹsẹ̀ bàtà kan péré la máa ń gbá kọjá ààlà. Ẹni tí kò kọjá rárá, ahun ni. Ẹni tó bá gbá gbogbo rẹ̀ ti pe onílé ní ọ̀lẹ.

Láti ọjọ́ kejì, Chizuru ò ṣì í gbá mọ́. Màmá náà ń gbá ẹsẹ̀ bàtà kan tirẹ̀ bọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ìgbálẹ̀ méjèèjì fi ń pàdé. Ìkíni di ọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ òjò di ọ̀rọ̀ ọmọ, títí kọ́kọ́rọ́ ilé Màmá fi dé ọwọ́ Chizuru.

Nígbà tó yá, Màmá ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Ọ̀pá ló fi ń rìn nígbà tó padà délé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bí ilé bá ti ń bàjẹ́, òun á gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ewé sì ń kún iwájú ilé náà. Chizuru á gbá ẹsẹ̀ bàtà kan, á dúró. Àwọn ará àdúgbò ní kò láàánú. Èmi náà, tíṣà àdúgbò, bá a wí.

Ó ní, "Tíṣà, bí mo bá gbá a láìjẹ́ pé Màmá rán mi, èmi náà ti sọ pé wọn ò lè dá nǹkan ṣe mọ́ nìyẹn."

Èmi ni mo gba àtúnṣe lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ Sátidé, Màmá jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀. "Ìyàwó, ewé yìí fẹ́ gbé mi mì. Bá mi gbá a."

"Gbogbo rẹ̀, Màmá?"

"Ṣẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan kù fún mi."

Orí àga ló jókòó sí gbá tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ dé, iwájú ilé ń dán. Ó bi í bóyá ó ṣì lè máa dá gbé. Màmá ní òun kò dá gbé rí.

Ọdún mẹ́fà sí i ló lò níbẹ̀, orí ẹní rẹ̀ ló sì kú sí.

Wọ́n máa ń sọ pé Chizuru lawọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò péye. Obìnrin náà mọ̀wọ̀n ni, inú mi sì ń dùn pé àdúgbò kan la jọ ń gbé. Ilé kẹta láti igun òpópónà wa ló ṣì wà.