Igi Ọ̀pọ̀tọ́ Bir Sahla

Inú ti ń bí Ìyá Tawfiq sí Rasim tipẹ́. Kò mọ̀wé, nítorí náà Maysun, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló máa ń ka ìwé tí Rasim kọ nípa Bir Sahla, abúlé wọn àtijọ́, sí i létí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ti kà á tán, kí ìyá lè rí i bú dáadáa ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fi ewé àjàrà di ìrẹsì, ni Maysun bá sáré wọlé.

"Ìyá, wọ́n ń ya Bir Sahla sára ògiri ilé-ìwé o! Igi ólífì ni wọ́n fẹ́ yà sẹ́bàá ìsun!"

Ìyá da ewé nù, ó wọ bàtà sódì, ó di ilé-ìwé.

"Ta ló ní ólífì?"

Ayàwòrán nawọ́ sí Rasim. Inú àgọ́ ogunléndé yìí ni wọ́n bí Rasim sí, kò fojú kan Bir Sahla rí. Ẹnu àwọn àgbà ló ti kó ìtàn abúlé náà jọ kọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Tawfiq, bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn."

"Gbogbo ayé ìyá ẹ! Mo se kọfí fún ẹ, mo jókòó tì ẹ́, mo ní ọ̀pọ̀tọ́ ni! Àbí àwọn òyìnbó tó ń ra ìwé ẹ ló ní igi kan ṣoṣo ló ń hù nílẹ̀ wa? Òpùrọ́!"

Abẹ́ ọ̀pọ̀tọ́ yẹn ni wọ́n sin Zumurrud, àbúrò rẹ̀, sí, lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ogun tó lé wọn kúrò. Ọmọ ọdún méje ni Ìyá fúnra rẹ̀ nígbà náà. Àwọn ẹlòmíì ní kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n sá fi sílẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ ògiri. Orí lòun kó gbogbo tirẹ̀ sí. Àwọn tó mọ ojú oórì náà ti kú tán, ó ku òun nìkan.

Ọ̀rọ̀ sú Rasim. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ayàwòrán.

"Ó dáa, màmá. Ẹ fi hàn wá. Báwo ló ṣe rí?"

Ìyá já búrọ́ọ̀ṣì gbà, ó dojú kọ ògiri, ó dijú. Ó rí ìsun. Ó rí òkúta ìfọṣọ. Ó rí igi kan, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, abẹ́ ewé funfun. Ólífì ni. Ó lajú, ó tún un dì. Ólífì náà ni, bí Maysun ṣe kà á gẹ́lẹ́.

Gbogbo èèyàn ń wò ó.

"Màmá?"

Ó ju búrọ́ọ̀ṣì lu Rasim láyà, ọ̀dà ta sí i láṣọ.

"Olè! Níbo lo gbé e sí? Dá ọ̀pọ̀tọ́ mi padà! Dá àbúrò mi padà!"