Wọ́ọ̀dù Ẹja

Tí ẹ bá bi àwọn ará àdúgbò léèrè orúkọ ọkùnrin yìí, wọn ò ní mọ̀ ọ́n. Máfọwọ́kàn ni gbogbo wọn ń pè é. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi gé gíláàsì fún fèrèsé onífèrèsé, ẹni tó bá sì wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó tó kí i tán, á ti gbọ́ ọ: "Má fọwọ́ kàn án o." Kò mọ oníbàárà, kò mọ àlejò. Ìyàwó rẹ̀ ní lọ́jọ́ tí àwọn gbé àkọ́bí àwọn délé láti ọsibítù, ohun tí bàbá ọmọ kọ́kọ́ sọ fún àwọn tó wá kí wọn nìyẹn.

Ọkùnrin náà mọ ìwọ̀n. Bó bá fi ojú lásán wo fèrèsé, ó ti mọ bó ṣe gùn tó. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ní ìwọ̀n. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, gbogbo ẹbí jókòó, ó sì la ẹnu ẹ̀ gbàgà, ó ní ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣe nọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún ló kú báyìí, nọ́ọ̀sì ò sì mọ̀ pé bàbá òun ń ṣàìsàn. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, dìde níjòkòó. Ó kàn mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Máfọwọ́kàn wá búra níbẹ̀ pé òun kọ́ lòun máa kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Ta ló ní kó búra? Kò sí.

Ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ làwọn méjèèjì sì ń gbé. Máfọwọ́kàn àti ìyàwó rẹ̀ wà ní apá iwájú, Nọ́ọ̀sì wà ní apá ẹ̀yìn, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Bí ọ̀rọ̀ bá kan iná tàbí omi, ìyàwó Máfọwọ́kàn ló ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀. Télọ̀ ni, pálọ̀ ló ń ránṣọ sí, ẹ̀ẹ̀mélòó ló ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ nítorí pé àwọn àgbà méjì kò fẹ́ bára wọn sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí Máfọwọ́kàn fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ tó jókòó sílé ni ẹja wọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ti gé gíláàsì fún àpótí ẹja ní òtẹ́ẹ̀lì kan rí, omi iyọ̀ bíi ti òkun ló wà nínú rẹ̀, inú ògiri ni wọ́n sì kọ́ ọ sí. Nígbà tó parí iṣẹ́, ó jókòó síwájú ẹja wọ̀nyẹn títí wọ́n fi bi í léèrè bóyá ó fẹ́ gba yàrá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé òun náà máa ní tòun. Ó wo ògiri pálọ̀ yíká. Oòrùn ń wọlé sára méjì, ilẹ̀kùn wà lára ìkẹta. Ó wá ku èyí tó wà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àpótí tó wà lọ́kàn rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ògiri náà kò nípọn ju ìnǹṣì mẹ́sàn-án lọ. Kò nílò kẹ́ ẹ kàwé púpọ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ibi tó kù máa yọ sí ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì, nínú yàrá kékeré tó ń kó ẹrù sí. Àmọ́ Nọ́ọ̀sì ò sí nílé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ nílùú mìíràn, ó sì ti lọ lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyàwó Máfọwọ́kàn, nítorí iná tàbí olè. Ìyàwó bi í bóyá ó ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní tí iṣẹ́ bá parí tó sì dára, ẹni tó ni yàrá á gbà fúnra rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó pe bíríkìlà kan, wọ́n fi irin àti kọnkéré gbé orí ògiri dúró kí wọ́n tó dá a lu, kí òkè má baà wá sísàlẹ̀. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù ṣe ìdúró tó lágbára sínú yàrá Nọ́ọ̀sì, nítorí omi kì í ṣe nǹkan fúyẹ́. Eruku wọ inú aṣọ ìyàwó oníyàwó tí télọ̀ ń rán. Máfọwọ́kàn fúnra rẹ̀ ló gé gíláàsì, òun ló fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó gbẹ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bu omi sí i, ìyàwó rẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sórí tábìlì, ó dúró tì í pẹ̀lú korobá méjì. Omi ò jò. Ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá kí òun lọ gbé iyọ̀ wá nílé ìdáná. Ojú tó fi wò ó, ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n fi wo ọ̀tá yín. Iyọ̀ ẹja yàtọ̀, inú ọ̀rá ńlá ló ń wà.

Kò tíì sí ẹja o. Omi bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú òkúta fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó dára fún ohun ẹlẹ́mìí. Àwọn aládùúgbò kò mọ èyí. Wọ́n ń wá wòran, wọ́n ń na ọrùn, wọ́n ń rí òkúta. Ọ̀kan nínú wọn jókòó fún wákàtí kan, ó dìde, ó ní ẹja yìí mọ fífi ara pamọ́ gan-an ni. Máfọwọ́kàn ò já a ní irọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó ra ẹja mẹ́ta: aláwọ̀ aró kan, ọ̀kan tó ní ilà funfun lára, àti kékeré kan tó pọ́n bí ìyeyè. Ó fi pákó dídán yí iwájú rẹ̀ ká. Ó dára, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Àmọ́ ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ojú fèrèsé, iwájú ló ń rò. Ìdérí àpótí náà, ẹ̀rọ tó ń ti omi kiri, èyí tó ń mú un lọ́wọ́ọ́wọ́, ihò tí wọ́n ń gbà fún ẹja lóúnjẹ, gbogbo rẹ̀ pátá wà lẹ́yìn, nínú yàrá Nọ́ọ̀sì. Kò sí ibi tí ìka kan lè gbà wọlé láti pálọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

Nọ́ọ̀sì dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan. Ó kí ìyàwó àbúrò rẹ̀ dáadáa, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó wọlé. Máfọwọ́kàn ń nu gíláàsì lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, lókè àwọn òkúta tó tò sẹ́yìn àpótí, ó rí ojú méjì nínú awò. Àwọn ọmọ bàbá kan náà wo ara wọn nínú omi, ẹja aláwọ̀ aró gba àárín wọn kọjá. Ojú méjì náà kúrò níbẹ̀. Ilẹ̀kùn sì dé, kọ́kọ́rọ́ sì yí. Ká ní ó pariwo ni, ara ì bá tu Máfọwọ́kàn.

Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ lọ bá òun tọrọ kọ́kọ́rọ́, ẹja máa jẹun. Ìyàwó ò gbé ojú kúrò lára aṣọ tó ń rán.

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ yín kiri bí onílẹ́tà," ó ní. "Mi ò lè gbé ti ẹja mọ́ ọn. Ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n yín."

Ó lọ lóòótọ́. Nígbà àkọ́kọ́ ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó wúkọ́, ó padà. Nígbà kejì ó gbé ojú sókè bí ẹni tó ń yẹ páànù òrùlé wò, ó tún padà. Ẹni tó búra lójú ẹbí, ojú ń tì í. Fún ọjọ́ méjì ó jókòó síwájú àpótí pẹ̀lú agolo oúnjẹ ẹja lọ́wọ́. Bó bá sún sápá ọ̀tún, àwọn ẹja á tẹ̀ lé e. Ẹ̀rí ọkàn ń jẹ ẹ́ bí eku.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọwọ́ kan tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà yọ láti òkè omi. Ó wọ́n oúnjẹ díẹ̀, ó dúró, ó tún wọ́n díẹ̀. Àwọn ẹja ò tilẹ̀ sáré sí i. Àṣé láti ọjọ́ tó dé ni Nọ́ọ̀sì ti ń bọ́ wọn lóru, nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá ti sùn. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ náà lẹ ìwé kan mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn, lókè òkúta, ó kọ ojú rẹ̀ sí pálọ̀. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ló fi kọ ọ́: WỌ́Ọ̀DÙ ẸJA. ÀBẸ̀WÒ: AAGO MẸ́RIN SÍ MÁRÙN-ÚN ÌRỌ̀LẸ́. Ẹ FỌ ỌWỌ́ YÍN KẸ́ Ẹ TÓ WỌLÉ. Ẹ MÁ FỌWỌ́ KAN OHUNKÓHUN.

Ìyàwó ka ìlà tó kẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi kán. Inú bí ọkọ rẹ̀, ó ní ìwọ̀sí ni. Nígbà tó di aago mẹ́rin, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó lọ.

Nọ́ọ̀sì ti gbá yàrá náà mọ́ tónítóní. Ó gbé ìwé kọ́ sára ògiri bíi tọsibítù: ìgbóná omi láàárọ̀, ìgbóná omi lálẹ́, ta ló jẹun, ta ni ò jẹun. Ó tún so ike omi lásán kan kọ́ sókè pẹ̀lú okùn dírípù, omi náà ń kán sínú àpótí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ ń fa omi lọ lójoojúmọ́, kò fa iyọ̀, iyọ̀ á wá le ju bó ṣe yẹ lọ. Máfọwọ́kàn máa ń da korobá kan sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì kọjú sí ẹja, ó sọ fún wọn pé bí omi ṣe ń lọ ló yẹ kó máa wọlé, kì í ṣe kí ènìyàn máa da korobá lé wọn lórí. Máfọwọ́kàn náà kọjú sí ẹja, ó ní òótọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Kò sí ẹni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ o, ẹja ni àwọn méjèèjì ń bá sọ̀rọ̀. Bí àbúrò bá kí yàrá pé ẹ kúrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n á dáhùn pé aláwọ̀ aró ti jẹun. Tó bá di aago márùn-ún, ó máa wo aago tó fi pín-ìn-nì kọ́ sáyà, olùbẹ̀wò á dìde. Lẹ́yìn oṣù kan, aago náà bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó rí i pé ọkọ òun ń dé ní márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó sì ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, wọ́n kan ilẹ̀kùn pálọ̀. Nọ́ọ̀sì ló dúró síbẹ̀, ẹni tí ò fẹsẹ̀ kan apá iwájú ilé náà láti ọdún mẹ́rin. Ó gbé àwo tí wọ́n fi aṣọ funfun bò sọ́wọ́, ìwé ara ògiri wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ẹja kékeré tó pọ́n bí ìyeyè ti kú. Kò jókòó. Ó ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni tó dúró níwájú dókítà. Ọjọ́rú, ó jẹun. Ìgbóná omi, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọjọ́bọ̀, ó jẹ ìdajì, ìgbóná omi ò yí padà. Jímọ̀, kò jẹun, òun yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹfà.

"Mi ò fi í sílẹ̀," ó ní. "Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Mi ò fi í sílẹ̀ o."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Máfọwọ́kàn wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìtìjú bò ó látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Obìnrin tó gbé ọgbọ̀n ọdún lórí àìsàn ènìyàn ló wá ń rojọ́ ẹja fún un, nítorí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu òun jáde.

"Àǹtí mi, ẹ pa ìwé yẹn dé," ó ní. "Èmi náà rí i ní Ọjọ́bọ̀. Ibí ni mo jókòó sí, mo rí i tó fara ti òkúta, mo ní ó ń sinmi ni. Bí mo ṣe rí Bàbá náà nìyẹn, mo ní wọ́n ń sinmi. Èmi ni mo wà nílé lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó dá yín lẹ́bi lójú ẹbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Nọ́ọ̀sì jókòó. Ìyàwó gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ọdún mẹ́rin lòun fi ń ka ọjọ́ àìsàn Bàbá lọ́kàn òun, òun ń wá ibi tóun ti ṣàṣìṣe, òun ò rí i. Omijé dé, ó fi aṣọ funfun tó wà lórí àwo nu ojú rẹ̀. Ìyàwó fẹ́ sọ fún un pé aṣọ ẹja ni, ó rò ó, ó gbé àwo lọ sílé ìdáná.

Nígbà tó mú aṣọ kúrò lójú, ó gbé orí sókè, ó rí àpótí náà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú iná rẹ̀ àti pákó dídán rẹ̀. Aláwọ̀ aró ń bọ̀ wá sójú gíláàsì. Láti nǹkan bí oṣù méjì tó ti ń tọ́jú wọn, ẹ̀yìn òkúta àti ìrù ẹja ló ń rí.

"Ṣé bí wọ́n ṣe rí nìyí láti iwájú?" ó béèrè.

Àbúrò rẹ̀ ní kó sún mọ́ ọn kó rí i dáadáa. Ó dìde, ó lọ dúró tì í, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé gíláàsì tí Máfọwọ́kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Máfọwọ́kàn la ẹnu. Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó lọ gbé àga wá fún un.