Ẹ̀kọ́ Gbígba Àlejò ní Ẹ̀gbẹ́dá

Ní ilé-ìwé girama tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìkọ̀tún, bí o kò bá ti mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, nọn-tíṣìn ni ọ́. Onítáípù, mẹ́séńjà, bàbá tó ń ṣọ́ géètì, èmi tí mo ń gbálẹ̀, gbogbo wa la jọ ń jẹ́ orúkọ kan yẹn, àfi bí ẹni pé iṣẹ́ tí a kì í ṣe ni wọ́n fi mọ̀ wá. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn ó máa ń bí mi nínú, ó wà lọ́wọ́ bí mo bá ṣe jí lọ́jọ́ náà.

Ó kù díẹ̀ kí a wọ àwọn ọdún 1990 nígbà tí ìyá tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì pírínsípà fẹ̀yìn tì. Ọkàn mi fà sí ibẹ̀ gidigidi. N kò kórìíra ìgbálẹ̀ o. Ilé-ìwé tó mọ́ tónítóní láàárọ̀ kí àwọn ọmọ tó dé, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mo sì máa ń dúró wò ó. Ohun tí n kò fẹ́ ni bí àwọn òbí tí inú ń bí ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí èmi tí wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé. “Ìwọ onígbálẹ̀, níbo ni pírínsípà yín wà?” Ọmọ Èkìtì ni mí, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo máa ń gbé e mì ni, nítorí mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi.

Pírínsípà pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Ẹ̀kọ́ kan wà ní Ẹ̀gbẹ́dá nígbà họ́lídé, fún nọn-tíṣìn nìkan. Ìwọ àti Bàbá géètì lẹ máa lọ. Bí ẹni tó ń kọ́ yín bá lè sọ fún mi pé o mọ àlejò gbà, ipò yẹn di tìẹ. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, màá ní kí wọ́n fi ẹlòmíì ránṣẹ́ sí mi.”

Inú mi dùn débi pé ẹnu ọ̀nà ni mo ti rántí pé n kò tíì dúpẹ́. Mo padà lọ dúpẹ́.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ni wọ́n kó wa sí. A wá láti Ìgándò, láti Ìdímù, láti Dópẹmu. Dẹ́sìkì àwọn ọmọ ni wọ́n fún wa. Ìyá kan tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ bọ́dìn lápá Ìpájà wọ inú tirẹ̀, kò lè jáde mọ́. Àwa mélòó kan la fà á yọ, òun alára ló sì rẹ́rìn-ín jù. Àwa tí a máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n dákẹ́, kò sí ẹni tó lè pa wá lẹ́nu mọ́ nínú gbọ̀ngàn náà. Bí wọ́n bá béèrè ìbéèrè, gbogbo ọwọ́ á lọ sókè, títí kan ọwọ́ ẹni tí kò mọ ìdáhùn.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń lo jígí ojú ló ń kọ́ wa. Màdáámù la ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti ọmọ Bàbá géètì lọ. Ó ní bí àlejò bá dé, kí a dìde, kí a kí i, kí a fún un ní ìjókòó. Bí inú bá ń bí i, kí a jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán ká tó dáhùn. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.” Bàbá géètì bá a parí rẹ̀ láti ẹ̀yìn pé ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Ọmọ onílẹ̀ Ìṣẹ̀rí-Olófin ni Bàbá, kì í jẹ́ kí òwe kú sílẹ̀. “Ìyàwó mi” ló máa ń pè mí, ọkọ mi sì mọ̀ nípa rẹ̀.

Màdáámù ní lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, kálukú máa bọ́ síwájú láti ṣe é lójú gbogbo ènìyàn. Nílé, mo ní kí ọkọ mi ṣe bí òbí tí inú ń bí. Ó jáde, ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó ní ebi ń pa òun. Ìbínú kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ wa rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń yí nílẹ̀.

Nígbà tó kàn mí, Màdáámù gbé báàgì rẹ̀, ó jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn, ó sì já wọlé padà gẹ́gẹ́ bí ìyá ọmọ. Háà, obìnrin náà mọ eré ṣe.

“Ta ni tíṣà tó fi sísọ́ọ̀sì la títì sínú irun orí ọmọ mi? Níbo ló wà?”

Mo dìde. Mo kí i. Mo nawọ́ sí àga.

“Mi ò jókòó! Ṣé ìwọ ni mo wá bá? Ìwọ onígbálẹ̀ lásánlàsàn, kí lo mọ̀?”

Ó mọ iṣẹ́ mi, ibi tó máa dùn mí ló sì fọwọ́ bà. Kí n tó la ẹnu, mo gbọ́ tí dẹ́sìkì kan han lẹ́yìn mi. Bàbá géètì ti dìde, fìlà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́.

“Ẹ dákun, ìyá wa, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ẹ wo tàwa àgbà.”

Ìyá tó ń se oúnjẹ náà ti kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Irun á hù.”

Kí a tó ṣẹ́jú, ìdajì gbọ̀ngàn ti yí Màdáámù ká, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́.

“Eré la ń ṣe! Ẹ jókòó ṣá.”

Wọ́n padà jókòó. Ó jáde, ó tún wọlé, ó tún bú mi. Wọ́n tún dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin kan láti Dópẹmu tilẹ̀ fẹ́ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó má baà fi lù mí.

Màdáámù yọ jígí rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀ ń dí i lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ báyìí ni, kò sí ohun tí mo lè sọ fún pírínsípà rẹ̀, torí mi ò tíì rí ohun tó lè ṣe.”

“Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́,” ni Bàbá fi dá a lóhùn, kò sì jókòó.

Mo rí i pé àwọn ènìyàn mi fẹ́ fi ìfẹ́ ba ọjọ́ mi jẹ́. Mo yíjú sí wọn, mo sì rẹ ohùn mi sílẹ̀.

“Bàbá, ẹ ṣeun. Gbogbo yín lẹ ṣeun. Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá yìí wá, èmi ni màá dá wọn lóhùn. Ẹ bá mi jókòó.”

Wọ́n jókòó. Bàbá ló kẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun náà jókòó. Mo padà sọ́dọ̀ Màdáámù, mo ní kí ìyá wa máa bínú nìṣó, etí mi wà níbẹ̀.

“Mo ní kí ni onígbálẹ̀ mọ̀?”

“Òótọ́ ni, mà. Èmi ni mo gbá ibi tí ẹ dúró sí yìí, ó mọ́ dáadáa. Àga náà mọ́. Ẹ jókòó, kí ẹ sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Màdáámù wò mí. Ó fẹ́ pariwo, ẹ̀rín sì gbà á lẹ́nu. Ó jókòó, ó di ikùn mú, gbọ̀ngàn sì bú sáyọ̀. Ó sọ fún mi níbẹ̀ pé òun á bá pírínsípà mi sọ̀rọ̀, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, èmi ni mo ń gba àlejò, mo sì ṣe iṣẹ́ náà títí ewú fi bò mí lórí.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ń rántí jù. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé èmi àti Bàbá géètì padà sí Ìkọ̀tún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà.

“Bàbá, díẹ̀ ló kù kí ẹ gba ipò yẹn mọ́ mi lọ́wọ́. Àbí ẹ ò mọ̀ pé eré ni?”

“Mo mọ̀ jàre, ìyàwó mi,” ni ó wí. “Àwọn tó ń bú ẹ bẹ́ẹ̀ nílé-ìwé, tí kì í ṣe eré, mo máa ń gbọ́ wọn láti ibi tí mo jókòó sí. N ò lè fi géètì sílẹ̀ wá bẹ̀ wọ́n. Lónìí, mi ò ṣọ́ géètì kankan.”

Mo sunkún ayọ̀ títí a fi kọjá Ìdímù, Bàbá sì ń wo ojú fèrèsé kí n lè sun ún dáadáa.