Ẹní Tí Bàbá Mi Fi Wé Ìbọn

Òórùn ẹ̀tù àti epo pupa ni mo fi mọ bàbá mi. Tó bá ti fi àkísà tó rin fún epo nu ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ tán, òórùn yẹn á wọ aṣọ rẹ̀, á wọ inú yàrá, bó o bá wọlé lọ́jọ́ kejì wàá ṣì máa gbọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹ̀yìnkùlé mi ní Mówé ló jókòó sí tó ń nu ún. Ó ti wá láti oko rẹ̀ lẹ́bàá Owódé Ẹ̀gbá lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó sùn sọ́dọ̀ mi, torí pé èmi ni mo máa sìn ín dé Ìkòròdú. Ojú rẹ̀ kan ti ń ṣe bàìbàì, kò lè dá rin ọ̀nà Èkó mọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kú. Àwọn méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ nínú igbó Ifọ̀, nígbà tí igbó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọ̀rẹ́ yìí ni àwọn ọmọ rẹ̀ wá gbé e lọ sí Ìkòròdú. Láti ìgbà èwe ni wọ́n ti bá ara wọn ṣàdéhùn pé ẹni tó bá kẹ́yìn ló máa yìnbọn fún ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ. Má fojú kékeré wò ó, ọ̀rẹ́ mi. Lójú àwọn ọdẹ, ẹni tí wọ́n sin láìyìnbọn fún, wọ́n kàn ju òkú rẹ̀ sọ́hùn-ún ni. Àwọn ọmọ olóògbé ò sì fẹ́ kí ọdẹ rọ́ wọ àdúgbò wọn. Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo làwọn máa gbà láyè, ìyẹn bàbá mi, torí pé ó níwèé àṣẹ ìbọn. Bí kò bá wá dé kí wọ́n tó bo sàréè, kò sẹ́ni tó máa yìn ín.

A dé ibùdókọ̀ Mówé, èéfín ọkọ̀ àti àgbàdo sísun gba imú ẹni. Bàbá wọ gbérí ọdẹ rẹ̀, ìbọn wà léjìká. Kò tíì ki í o, ẹ̀tù wà nínú ìgò kékeré nínú àpò rẹ̀. Obìnrin aboyún kan ti jókòó sẹ́yìn nínú ọkọ̀ Ìkòròdú. Bó ṣe rí bàbá mi, ó di inú rẹ̀ mú. Ni awakọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú o," ó ní. "Ẹ ò lè gbé ìyẹn wọ ọkọ̀ mi báyìí, pàsẹ́ńjà mi á sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi nǹkan wé e."

"Ọdẹ kì í fi ìbọn pamọ́, ọmọ mi," bàbá dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ó tún wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rí aboyún yẹn. Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí, tó bá ń ti oko ọdẹ bọ̀ tó rí ọmọdé lójú ọ̀nà, ó máa ń yí ẹnu ìbọn sílẹ̀ ni, á sì kọ́kọ́ kí ọmọ náà kí jìnnìjìnnì má baà bò ó. Ó ní kí n ra ẹní kan lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹní rọ́bà, aláwọ̀ ewé àti funfun. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi wé ìbọn sínú rẹ̀, ó fi okùn dì í nídìí àti lórí. Ó wọlé, ó ní kí aboyún náà má bínú, obìnrin yẹn sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣé, bàbá," bó ṣe wí nìyẹn.

A kọjá Ìbàfò, a kọjá ọjà màlúù tó wà lẹ́bàá afárá, a sọdá odò sí Èkó. Kò pẹ́ tí a sọdá ni àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró. Ọ̀kan nínú wọn fi igi kan ẹní náà, ó ró ko. Ó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ti ń wá irọ́ tí mo máa pa, bàbá mi ti dáhùn.

"Ìbọn ni."

Àgbà ń wí pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Awakọ̀ ti bọ́ sílẹ̀, ó ń nawọ́ sókè. "Ọ̀gá, mi ò mọ ohun tí bàbá yìí gbé o. Ẹní ni mo rí." Ẹni tó ní ká wé e nìyẹn o. Mo yíjú sí aboyún, mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ọ́, ṣebí ojú yín ló ṣe." Ó ń wo títì. Inú bí mi sí i ju awakọ̀ lọ, torí pé nítorí tirẹ̀ la ṣe wé e.

Ọ̀gá wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ọmọ Yorùbá ni, ó kí bàbá mi dáadáa, ó ka ìwé àṣẹ náà tán.

"Bàbá, ìwé yín dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n fún ọdẹ yín lọ́hùn-ún ni wọ́n ṣe fún yín. Kí ẹ tó gbé e kúrò ní Ògùn wọ Èkó, ó yẹ kí ẹ ti sọ fún ọlọ́pàá, kí wọ́n fún yín níwèé ìrìn-àjò rẹ̀. Ẹ tún wá wé e. Ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn, kí ló ń bò mọ́lẹ̀?"

"Ìgbà wo ni mo fẹ́ sọ fún wọn?" bàbá mi bi í. "Ikú ò sọ fún èmi náà."

Mo kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, mo bẹ̀bẹ̀ títí, wọn ò gbọ́, wọ́n ní bàbá máa bá àwọn lọ sí àgọ́. Bàbá ní kí n dìde, kí n lọ sọ fún wọn ní Ìkòròdú kí wọ́n dúró de òun. Mo lọ. Wọ́n dúró títí oòrùn fi ń lọ wọ̀. Lẹ́yìn náà, àkọ́bí olóògbé ní kò burú, àdúrà tí àwọn ti gbà ti tó. Wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bo ọkùnrin tó ti pa ẹfọ̀n rí, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, àfi ẹ̀rọ mànàmáná aládùúgbò tó ń dún.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n tó tú bàbá mi sílẹ̀. Ìbọn ò bá a wálé, wọ́n ní ẹ̀rí ni. Ẹní ni wọ́n dá padà fún mi. Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ bọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ta ló wá yìn ín fún un?" Ẹní ni mo tẹjú mọ́. Ó gbé ojú kúrò lára mi, kò sì béèrè mọ́ títí tó fi kú. Kò wọ igbó mọ́ náà. Àwọn ènìyàn ní ojú rẹ̀ ni. Irọ́ ni, ìtìjú ni. Àwọn tó ń jí ènìyàn gbé lójú ọ̀nà yìí kan náà, mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n wé ìbọn tiwọn sínú ẹní nítorí aboyún.

Nígbà tí òun náà kú lọ́dún tó kọjá, àwọn ọdẹ péjọ sí oko rẹ̀. Ọwọ́ òfo ni wọ́n wá. Wọ́n ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé tirẹ̀ sójú ọ̀nà. Olórí wọn, tí kò mọ̀ pé ọlọ́pàá ò dá a padà, ní kí n mú ìbọn bàbá mi wá kí wọ́n fi ṣe ẹ̀yẹ fún un. Mo wọlé, mo mú ẹní yẹn jáde. Òórùn epo àti ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀, mo bú sẹ́kún. Olórí ọdẹ náà gbà á lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó gbé e lé èjìká bí ẹni gbé ìbọn, ó dúró lórí sàréè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mo ti wá mọ̀ pé òfin mọ ibi tí Ògùn parí sí àti ibi tí Èkó ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ pé kó má mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ dẹ́rù ba ọmọ ẹlòmíì. Gbogbo wa tá a wà nínú ọkọ̀ yẹn la mọ̀ ọ́n, bàbá mi nìkan ló la ẹnu.