Omi Ọjọ́ Kejì

Ó-dọ̀la ni àwọn ará àdúgbò wa ń pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń gbé ní igun òpópónà, wọ́n sì rò pé ìmẹ́lẹ́ ló fún un lórúkọ náà. Àṣìṣe ni. Ohun tó máa ń sún sí ọ̀la ni ife omi tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́. Láti ogún ọdún, kì í mu omi ẹ̀rọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò àfi lọ́jọ́ kejì. Bó bá padà dé tí omi ṣì ń yọ, á mu ún, á pọ́nu lá, á sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ò gbà. "Ọkọ mi, ẹ̀rọ omi ilé ìdáná wa ti ń jò láti oṣù mẹ́ta. Ìgbà wo lọ̀la yẹn ń bọ̀?"

"Ó ń bọ̀, ìyá àwọn ọmọ. Ọ̀la kì í ṣìnà."

Nígbà tí ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní àwọn fẹ́ fa omi wọ ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wa, níbi tí mo ti ń ṣe olùkọ́, òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Inú ike làwọn ọmọ ti ń gbé omi wá láti ilé. Bó bá di ọ̀sán, ike ti gbẹ, ètè náà ti gbẹ. Pátákó ilé iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ dé. Ó ga ju táńkì lọ, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé ẹgbẹ̀rún ọmọ ni yóò jàǹfààní. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìnlá ni wọ́n. Mo kà wọ́n.

Ó-dọ̀la to ẹ̀rọ mẹ́fà sára ògiri, ó sì béèrè páìpù tí yóò so táńkì mọ́ páìpù ńlá ẹ̀bá títì. Ọ̀gá ìpolówó, ọmọbìnrin kan tí bàtà rẹ̀ máa ń ró kó-kó-kó, ló dá a lóhùn.

"Bàbá, ìyẹn ò kánjú. Ọkọ̀ máa wá rọ omi kún táńkì lọ́jọ́bọ̀. Àwọn oníròyìn á ya fọ́tò, àwọn èèyàn á ra ọṣẹ, inú gbogbo wa á dùn."

"Bí omi yẹn bá wá tán ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà! Fọ́tò kì í gbẹ."

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n wọ fàníllà ilé iṣẹ́ fún un. Ikùn rẹ̀ fẹ orúkọ ọṣẹ náà débi pé ó ṣòro láti kà. Omi yọ, àwọn ọmọ hó yèè. Ọ̀gá ìpolówó kúnlẹ̀ níwájú kámẹ́rà, ó gbé ife fún un.

"Ẹ mu ún, Bàbá. Ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn."

"O ṣé, ọmọ mi. Ọ̀la ni mo máa ń mu tèmi."

Oníròyìn kan sún mọ́ ọn. "Èé ṣe, Bàbá?"

"Omi òní, ẹnikẹ́ni ló lè pọn ọ́n wá. Tọ̀la ló máa sọ bóyá mo ṣiṣẹ́."

"Ká padà wá lọ́la nìyẹn?"

"Ẹ máa bọ̀."

Ọ̀gá ìpolówó rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín nìkan ló fi rín in.

Táńkì gbẹ kó tó di aago kan. Nígbà tí aago méjì lù, àwọn agbẹ́lẹ̀ tí ọ̀gá ìpolówó sáré pè dé, tàwọn ti páìpù. Ojú ọ̀nà tí páìpù máa gbà gan-an ni pátákó wà, nítorí náà wọ́n hú u. Ó-dọ̀la ń tọ́ wọn sọ́nà. Ọ̀gá ìpolówó bọ́ bàtà, ó bá a di okùn ìwọ̀n mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà bá mi mu díẹ̀ lọ́la."

"Tó bá yọ, màá mu."

Ó yọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lójú àwọn oníròyìn, ó mu ife méjì. Fọ́tò yẹn ni wọ́n lẹ̀ káàkiri, ọ̀gá ìpolówó sì sọ fún mi pé ọṣẹ wọn ò tà tó bẹ́ẹ̀ rí. N ò bá wọn jà. Ẹni tó fẹ́ ìyìn, kó ṣáà ṣe ohun tó yẹ fún ìyìn. Ọ̀gá ìpolówó ti pe Ó-dọ̀la sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, lọ́tẹ̀ yìí, páìpù ni òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ béèrè.

Nígbà tí fọ́tò náà dé òpópónà wa, ìyàwó rẹ̀ dúró wò ó títí.

"Ọkọ gbogbo ìlú! Wọ́n ní omi tó bá tọ́jọ́ lẹ máa ń mu. Ti ilé ìdáná wa ti tọ́jọ́ o: oṣù mẹ́rin rèé, kò tíì dáwọ́ jíjò dúró."

Ó wá sípánà rẹ̀ lọ.