Olójú-Òwìwí Kì í Dìbò

Òórùn ìjókòó ọkọ̀ náà ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, kí n tó rántí ojú ẹni tó tà á fún wa. Òórùn awọ tuntun ni, bẹtiróòlù díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Bàbá mi, tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ló kọ́kọ́ ní irú rẹ̀ ládùúgbò wa ní Iléṣà. A kì í pè é ní orúkọ tí àwọn tó ṣe é sọ ọ́. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì rí roboto, wọ́n yọ síta, wọ́n ń woni láìṣẹ́jú, ni gbogbo ayé bá ń pè é ní Olójú-Òwìwí. Ó yẹ kí orúkọ yẹn ti kìlọ̀ fún wa, àbí ta ní í mú òwìwí wọlé tí í sùn ire?

Òṣogbo ni wọ́n ti ń tà á, lọ́dọ̀ Alájì kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ojú irin. Alájì yìí ní àṣà kan. Bí o bá ra ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ kó ní ó dàbọ̀. Òun fúnra rẹ̀ á jókòó tì ọ́ títí délé, á ṣàdúrà sí ọkọ̀ náà níwájú ìyàwó àti ọmọ rẹ, á jẹun nílé rẹ, kó tó wọ ọkọ̀ èrò padà. Iyán ló jẹ nílé wa, ó sì ní kí màmá mi bu ọbẹ̀ kún un. Nígbà tó lọ tán, bàbá mi ní ẹni tó ti báni ki ọwọ́ bọ àwo kan náà kì í ṣe òǹtajà mọ́, ẹbí ni. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa, bàbá mi ló ń mú un lọ sí Òṣogbo. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa á kún fún Olójú-Òwìwí.

Ìṣèlú ló bà á jẹ́. Ẹgbẹ́ méjì ló ń fa ìjọba mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nígbà náà, èyí tó wà lórí àlééfà, àti èyí tí àwa ń ṣe, tí bàbá mi jẹ́ alága rẹ̀ ládùúgbò. Ọ̀sán ọjọ́ kan la gbọ́ pé Alájì ti gun pèpéle pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, ó tún kó ọkọ̀ fún wọn kí wọ́n fi polongo ìbò.  Bàbá mi jáde, ó wo ọkọ̀ rẹ̀ títí, ó sì fi tapólì bò ó. Kò wà á mọ́. Nígbà tó yá, adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dìbò tán, tí àwọn ènìyàn ní wọ́n ti jí i, ìlú wá gbóná. Ìgbà wẹ́tìẹ̀ ni, ìgbà tí wọ́n ń da bẹtiróòlù sílé, sọ́kọ̀, sí ènìyàn lára. Kálukú ń ṣọ́ kálukú. Ẹni tó bá ṣì ń wa Olójú-Òwìwí, wọ́n á ní Alájì ló fún un kó máa fi ṣe amí. Àwọn kan ta tiwọn, àwọn kan kun tiwọn lọ́dà. Èmi tí mo ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, bí Olójú-Òwìwí bá ti ń kọjá, n ó pa ẹnu mọ́ títí á fi lọ tán. Ẹ wo wèrè, bí ẹni pé ọkọ̀ ní etí.

Níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ọdún yẹn, ọkùnrin kan bi bàbá mi pẹ̀lú ẹ̀rín bóyá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bá a fi tapólì tọ́jú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ó dìde láàárín ìjọ, ó búra pé kò sí ọmọ ilé òun tí yóò tún fi ìdí kan ìjókòó Olójú-Òwìwí mọ́ láyé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹyin lohùn, ṣùgbọ́n ta ló rántí ìyẹn lọ́jọ́ ìkórè?

Ohun tí bàbá mi kò mọ̀ ni pé mo ti ní àfẹ́sọ́nà, olùkọ́ kan ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, Olójú-Òwìwí ló sì ń wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì ló fi ta á lọ́rẹ. Lọ́jọ́ tó kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ mi, ọkọ̀ ni bàbá mi kọ́kọ́ rí, kó tó rí i. Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ta ni ẹ̀gbọ́n náà? Ta ló mọ̀ ní Òṣogbo? Àwọn wo ló ń fi ọkọ̀ náà gbé? Bàbá mi sọ fún màmá mi pé ìfura loògùn àgbà, àti pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ó ní kí ọmọkùnrin náà ta ọkọ̀ yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa wá ìyàwó lọ síbòmíràn.

Olùkọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá," ó ní, "ọkọ̀ mi kò dìbò."

Ẹ̀rín fẹ́ pa bàbá mi, ó gbé e mì. Olùkọ́ ní bí òun bá ta á, á dà bí ẹni pé òótọ́ ni òun ń ṣe amí.  Mo rò pé orí kunkun ọkùnrin méjì yìí ni yóò sọ mí di wúńdíá àgbà. Àwọn àgbà ló bá wa parí rẹ̀: ọkọ̀ náà lè gbé ẹrù ìyàwó, ìyàwó kò ní wọ̀ ọ́.

Bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ rìn lọ ilé ọkọ nìyẹn, láti Iléṣà dé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, pẹ̀lú aṣọ funfun. Bàbá mi bá mi rìn. Ó ní òun fẹ́ sìn mí ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n, ó ń ṣọ́ mi kí n má baà yọ́ wọnú ọkọ̀ lọ́nà ni. Ọkọ mi ń wa Olójú-Òwìwí bọ̀ lẹ́yìn wa jẹ́jẹ́, àpótí mi àti ìkòkò mi ló gbé. Àwọn tó rí wa ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í gé mi lẹ́sẹ̀.

A ti kúrò nígboro nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan já jáde láti inú oko kòkó pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì bẹtiróòlù. Ẹgbẹ́ tiwa ni wọ́n. Wọn kò wo èmi ìyàwó. Iná iwájú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n rí. Wọ́n yí i ká, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da bẹtiróòlù sí i lórí. Mo ké títí ohùn mi fi há. Bàbá mi pariwo pé àna òun ni, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Èyí tó gbé ìṣáná lọ́wọ́ mọ bàbá mi. Ó tẹ̀ríba fún un dáadáa. "Bàbá, ẹ yẹra," ó ní. "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ búra?"

Bàbá mi dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ síbi ọkọ̀, ó ti ọmọkùnrin kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó ti ọkọ mi, ó kó agbádá rẹ̀ jọ sórí orúnkún, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

"Ẹ ṣáná sí i," ó ní.

Kò sẹ́ni tó mira. Ẹni tó gbé ìṣáná wo àwọn yòókù, àwọn yòókù wolẹ̀. Bí wọ́n ṣe túká nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi kò wojú mi. Ó ní kí n wọlé, pé òun lòun búra, òun ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Mo wọlé sẹ́yìn láàárín ìkòkò, òórùn awọ àti bẹtiróòlù sì kún imú mi títí a fi dé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.

Ó jẹ ẹ́ lóòótọ́. Oṣù yẹn kò tíì parí tí wọ́n gba ipò alága lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní Alájì ti rà á. Àwọn tó ń jẹun nílé wa wá ń gba òdìkejì títì kọjá. Òun náà, títí ó fi kú, kò yé fura pé ọ̀kan nínú wọn ló rán àwọn ọ̀dọ́ yẹn sí wa. Mi ò lè sọ pé ó ṣì í.

Ológun gbàjọba, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́. Nígbà tí wọ́n tún fàyè gba ìṣèlú, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjìlá, kí la rí? Alájì ti wá sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n bá bàbá mi ṣe ẹgbẹ́ láyé àtijọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni Olójú-Òwìwí tún di ọkọ̀ ọmọlúàbí ní Iléṣà. Wọ́n kó o wá tò síwájú ilé bàbá mi, wọ́n ní kó wá jókòó síwájú, kí wọ́n jọ lọ pàdé Alájì. Ó ń jẹ àgbàdo sísun lọ́wọ́. Mo wà níbẹ̀, mo ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ẹ bá mi kí Alájì," ó ní. "Ẹ sọ fún un pé mo ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó nira." Ó sì ń bá àgbàdo rẹ̀ lọ.

Mo ti darúgbó báyìí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń jiyàn nípa olówó kan tó ń ṣe ọkọ̀, tó sọ̀rọ̀ òṣèlú báyìí báyìí, tí àwọn kò ní torí ẹ̀ ra ọkọ̀ rẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Páńsá tí kò fura já síná, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kàn máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tó bínú sí ọkọ̀ kan, kí wọ́n yọjú wo ẹni tó jókòó sínú rẹ̀.