Iṣu Tó Ké ní Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọkùnrin

Iṣu kan ké ní ọsibítù. Bí gbogbo Arámọkọ ṣe gbọ́ ọ lọ́dún 1964 nìyẹn. Wọ́n ní Simiat ọmọ Sànní aláṣọ, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́nà Ìjerò, gún iṣu lábẹ́rẹ́, ni iṣu bá figbe ta: "Yéè! Ẹ gbà mí o!" Wàhábì awakọ̀, tó máa ń fi bọ́lẹ̀kájà gbé Simiat wálé, ló gbé ìròyìn náà kiri. Ní Ìjerò, iṣu kan ló ké. Kó tó dé Ìkọ̀rò, iṣu ti di mẹ́fà. Nígbà tí yóò fi dé Ẹ̀fọ̀n, odidi àká iṣu ló ń kọrin, àwọn kan sì ti mọ ègbè orin náà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ibi tí òótọ́ parí sí nínú ọ̀rọ̀ yìí: Simiat fúnra rẹ̀.

Olúrántí, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ló mú hóró oògùn funfun kan wọlé. "Má-tòògbé" ni àwọn ọmọbìnrin náà sọ ọ́. Ìdánwò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ijó ni wọ́n wá ń lò ó fún. Wọ́n gbé ààbọ̀ hóró mì kí wọ́n lè ka orúkọ eegun ara tán. Ìdánwò lọ, hóró kò lọ. Tó bá di Sátidé, wọ́n á yí giramófóònù, awo á jó títí á họ, àwọn kò ní tíì làágùn.

"Simi, gbé ọ̀kan sí i."

"Àyà mi ń lù kìkìkì, Rántí."

"Àyà náà fẹ́ jó ni! Oorun ló bí ẹ ni?"

Simiat gbé e mì. Ayé dùn! Ó fọ gbogbo aṣọ rẹ̀, ó tún àwọn tó mọ́ fọ̀, díẹ̀ ló kù kó fọ ògiri. Ọjọ́ mẹ́ta, ojú rẹ̀ kò kan oorun.

Ọsàn ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní abẹ́rẹ́ gígún, omi lásán ni wọ́n sì ń fà sínú rẹ̀. Lóṣù yẹn ọsàn wọ́n, olùkọ́ wọn sì fún wọn ní iṣu. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Simiat mú abẹ́rẹ́ olómi rẹ̀, ó wọ wọ́ọ̀dù, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Bàbá Ìdòwú, àgbẹ̀ ará Ìlogbò tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀, gbé ẹsẹ̀ wíwú lé ìrọ̀rí, báńdéèjì wé e mọ́lẹ̀. Simiat wo ẹsẹ̀, iṣu ló rí, iṣu tuntun tó ṣì ní yẹ̀pẹ̀ lára. Ó tilẹ̀ yìn ín pé ó tóbi. Ó gún un.

"Yéè! Nọ́ọ̀sì! Ẹsẹ̀ mi rèé! Kì í ṣe uṣu! Kì í ṣe uṣu o!"

Wàhábì wà lábẹ́ fèrèsé, ó ń dúró de èrò. Ó yọjú, ó rí Simiat pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ó gbọ́ igbe, ó gbọ́ "uṣu", bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pe iṣu. Èyí tó kù, ó ní i nílé tẹ́lẹ̀.

Igbe náà gbé Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, wọlé; kò pariwo. Ó gba abẹ́rẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́, omi kán. "Ká ní oògùn lo fà sínú rẹ̀ ńkọ́?" Ó ṣí fìlà nọ́ọ̀sì kúrò lórí Simiat. Láàárọ̀ yẹn kan náà Olúrántí dákú lẹ́nu ọ̀nà, orí bẹ́ẹ̀dì tó yẹ kó tẹ́ fún aláìsàn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Wọ́n dá àwọn méjèèjì padà sílé di ìgbà tí àwọn àgbà ọsibítù yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ wọn.

Ilé wá gbóná ju ọsibítù lọ. Ìyá Jemilat, ìyálé ilé Sànní tó tọ́ Simiat dàgbà, iṣu ló ń tà lọ́jà. Láti ọjọ́ tí iṣu ti ké, ẹnikẹ́ni kò rà á mọ́. Wọ́n ní òun ló ń sọ ènìyàn di iṣu, òun ló sì di orí Simiat. Obìnrin kan tẹ́tí sí ara iṣu rẹ̀ ná, kó tó béèrè iye tó jẹ́!

Ṣùgbọ́n inú Sànní ń dùn lábẹ́lẹ̀. "Simi, sọ pé ayé ló ṣe ọ́. Wọ́n á ṣàánú ẹ, wọ́n á dá fìlà ẹ padà. Má dárúkọ hóró kankan."

"Ìyá Jemilat wá ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá wolẹ̀. "Àwọn ènìyàn á gbàgbé."

Lọ́jọ́ ọjà, Wàhábì tún gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ rẹ̀: "Iṣu mẹ́tàdínlógún! Wọ́n ń ṣàdúrà, ọ̀kan ń ṣe àmín!" Ìyá Jemilat fi ìborùn bojú nídìí iṣu rẹ̀. Simiat mọ̀ pé ohun tí òun bá sọ níbẹ̀ yóò dé Ìjerò ṣáájú òun. Ó gun orí àpótí.

"Bọ̀dá Wàhábì, ẹ kú irọ́!"

Gbogbo ọjà yíjú sí i.

"Ẹyọ kan péré ni, kì í sì í ṣe iṣu. Ẹsẹ̀ Bàbá Ìdòwú ará Ìlogbò ni, mo sì ń bẹ̀ wọ́n. Ayé kọ́ ló ṣe mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé oògùn mì, hóró mẹ́ta lójúmọ́, nítorí ijó! Ìyá Jemilat kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ ra iṣu wọn!"

"Simi! Fìlà ẹ ńkọ́?" Sànní ké láti ìsọ̀ aṣọ.

"Bàbá, orí tó rí ẹsẹ̀ tó pè é ní iṣu, kí ni fìlà fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

Ẹ̀rín bú. Wàhábì kò fẹ́ tẹ́. "Ṣùgbọ́n ó ké, àbí kò ké?"

"Ó ké," ni Simiat dá a lóhùn. "Ohun tó wí lẹ kò gbọ́. Kò sọ pé 'Ẹ gbà mí.' Ó ní, 'Kì í ṣe uṣu.'"